Màmá Mi, Ẹ Fi Ohùn Yín Ránṣẹ́ sí Spandau

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ sì kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa láràárọ̀. Ẹ má wò ó pé orí àga ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, ọkàn mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú yín. Mo kí Bùọ̀dá Gbóyèga, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan o, kódà tí Màmá bá ní kí ẹ fò ó. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn, tọmọdé tàgbà.

Màmá, ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa nígbà tí fóònù wà. Mo mọ̀ yín ni. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Tí mo bá kọ ọ́ sí ẹ̀yin nìkan, ẹ ó ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé bá gbọ́ ọ, tí àwọn ìyá ìjọ náà gbọ́ ọ, wọ́n á bá mi bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àlàáfíà la wà níbí. Harburg ni mo ṣì ń gbé, ní òdìkejì odò Elbe, àmọ́ Steilshoop ni iṣẹ́ mi wà, ní ìpẹ̀kun Hamburg lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ilé gogoro ti dúró ti ara wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ní, èyí tí wọ́n ń pè ní Frühschicht, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, kí n tó tún lọ wọ bọ́ọ̀sì. Wọn kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí ni mò ń kí, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ní báyìí, obìnrin kan wà tó máa ń wọkọ̀ níbi tí mo ti ń wọ̀ ọ́, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi. Mo ti bà á jẹ́.

Òtútù kò ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òjò Hamburg ló kù tí kò tíì yé mi. Tiwa a máa rọ̀, a sì máa dá. Tiwọn kàn ń ṣẹ́ winniwinni látàárọ̀ dalẹ́, kò le, kò sì lọ. Òfì tí ẹ dì sínú ẹrù mi, tí ẹ ní kí n máa fi ṣe fáàrí níwájú àwọn òyìnbó, òun ni mò ń fi bora. Ní ti owó, a dúpẹ́. Ìjọba ibí máa ń gba tirẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi, tó fi jẹ́ pé ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìyàwó kékeré. Èyí tó kù ń tó wa jẹ, a sì ń rí fi ránṣẹ́ sílé.

Ohun tó máa ń dùn mí kò ju pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi níbi iṣẹ́. Schwester ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi a pe orúkọ bàbá mi, á sì pè é lódì. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á mọ́ tí á tún ṣú láìsí ẹni tó pe Ìyábọ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo gbàgbé ara mi sílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀. Fúnmi, àbíkẹ́yìn yín, ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ní Spandau tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Berlin, níbi tó ń gbé. Ẹ mọ Délé, ọkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ ti sọ pé eékún yín kò ní gbà kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú, a sì ti gbà fún eékún yín. Ohun kan ṣoṣo tí Fúnmi wá tọrọ ni pé kí ẹ bá òun sun ẹkún ìyàwó ilé wa sínú fóònù, èyí tí Ìyá Àgbà fi kọ́ yín, kí òun lè kọ́ ọ, kí òun náà sun ún lọ́jọ́ tí òun bá ń jáde, bí àwọn ọmọbìnrin ilé wa ṣe ń ṣe láti ayébáyé. Kò tọrọ aṣọ, kò tọrọ góòlù. Ẹ sì kọ̀.

Ẹ ní ohùn yín ti há. Ẹ ní láti ìgbà tí ikọ́ yẹn ti dá yín dùbúlẹ̀, tí ẹ bá lanu, ńṣe ló ń dún bí ọlọ tó ń lọ ata gbígbẹ. Ẹ ní ta ni yóò gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ síwájú àna, ẹ̀yin tí gbogbo Ìsẹ́yìn ń pè ní Olóhùn Iyọ̀. Ẹ ní kí a jẹ́ kí ẹkún náà sinmi síbi tó sinmi sí. Fúnmi pè mí lẹ́yìn tí ẹ sọ̀rọ̀ tán, ó ń sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ìyàwó. Ìyá Àgbà ti lọ kí wọ́n tó bí mi, àwọn ẹgbẹ́ yín tí ẹ jọ ń sun ún kò sí mọ́, èmi tí mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí mo wà léwe kò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá pa ẹnu dé, ó tán nílé wa nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí nǹkan kan fi ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Ìyá kan wà tí mò ń tọ́jú, Frau Han ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Màdáàmù Han. Ọmọ Kòríà ni, ìlú àwọn tí ẹ̀ ń wo fíìmù wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí Bùọ̀dá Gbóyèga máa ń nu ojú sí tí wọ́n á ní kòkòrò ló kó sí àwọn lójú. Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló wá sí Jámánì wá ṣe nọ́ọ̀sì, òun àti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìlú rẹ̀, nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ibí ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Nítorí náà ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, kò sì gbàgbé ìyẹn. Tí mo bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí igun kan kò gún, á na ìka sí i, mi ò sì ní lọ tí mi ò bá tún un ṣe.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló ti gbàgbé. Èdè Jámánì tó fi ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà yẹn ti ń yọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ti ìlú rẹ̀ nìkan ló kù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan. Tí mo bá kúnlẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, á fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, á ní ọmọni. Ìyá ń pè mí lọ́mọ! Inú mi dùn débi pé mo lọ ń fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nígbà ìsinmi, mo ní mo ti ń gbọ́ èdè Kòríà. Tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, èmi náà á dá a lóhùn ní Yorùbá pé bẹ́ẹ̀ ni Mà, ọmọ yín ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ fún un dáadáa. Kí n tó jáde ní yàrá rẹ̀, mo máa ń tẹrí ba kó gbé ọwọ́ lé mi lórí kó wúre. Á máa wò mí tìyanutìyanu, bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń wá wò ó, Frau Min. Òun náà ti ṣe nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá láti Kòríà. Ó bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí mò ń dáhùn, ó sì bi mí pé kí ni mo rò pé ọ̀rẹ́ òun ń pè mí. Mo ní ọmọ ni. Màmá, ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀ nù. Ó ní ìyá ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ó ní Frau Han ti padà di ọmọdé lọ́kàn rẹ̀, èmi tí mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ tí mò ń fún un lóúnjẹ, ìyá rẹ̀ ló ń rí. Àṣé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń tọrọ ìre lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló rò pé ó ń wólẹ̀ fún òun. Abájọ tó fi ń wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín ni, omi ló bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé fún Frau Min pé Ìyábọ̀ ni wọ́n sọ mí. Mo ní nílé wa, tí ìyá àgbà bá lọ tí wọ́n sì bí ọmọbìnrin tẹ̀lé e, a gbà pé ìyá ló padà wá, àti pé ìyá tó bí mi gan-an, tí mo bá ṣe ohun tó wù ú, Ìyá mi ló ń pè mí. Nínú gbogbo Hamburg, ẹni tó wá ń pe orúkọ mi ni ìyá tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀. Frau Min di ọwọ́ mi mú, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bó ṣe di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ ni Frau Han ṣí ẹnu. Kì í ṣe orin, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ó ń fa ohùn, ó ń dá a dúró, ó tún ń gbé e, bí ẹkún ìyàwó ló ṣe rí létí mi. Ohùn rẹ̀ há, Màmá. Ó há ju tiyín lọ. Ó ń já láàárín, nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, á sì tún mú un níbi tó ti já. Ìyá tí kò mọ yàrá tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan, nítorí Frau Min ń fi ètè tẹ̀lé e. Nígbà tó parí, mo béèrè ohun tó ń kà. Frau Min ní ewì obìnrin kan láyé àtijọ́ ni.

Ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin náà bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Láyé ìgbà tí ọba ń jẹ ní Kòríà, wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin níwèé. Wọn kì í tiẹ̀ pe obìnrin lórúkọ. Tó bá ti délé ọkọ, ìyá lágbájá ni, tàbí kí wọ́n fi ìlú tó ti wá pè é, bí àwa náà ṣe ń pe Ìyá Ṣakí tó kọjú sílé wa láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ilé onímọ̀ ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì rí i pé orí rẹ̀ pé, ó wá olùkọ́ fún un. Kò tíì ga tó tábìlì tó ti ń kọ ewì tí àwọn àgbà ń kà tí wọ́n ń mi orí. Nígbà tó dàgbà, ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ tó ń fi kéwì. Wọ́n fún un lọ́kọ nígbà tó ṣì kéré. Ọkọ náà kì í gbélé, ìyá ọkọ kò sì fẹ́ ìyàwó tó ń mú ìwé dání. Ó bí ọmọ méjì, àwọn méjèèjì kú. Ó kọ ewì sí wọn, Frau Min ní àwọn abiyamọ ṣì ń ka ewì náà tí wọ́n ń sunkún.

Kò pé ọgbọ̀n ọdún tí òun náà fi ṣaláìsí. Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ewì òun, kí wọ́n dáná sun ún. Wọ́n sì sun ún lóòótọ́. Mo bi Frau Min pé kí ló ṣe tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnìkan kò mọ̀. Ó ní bóyá ìbànújẹ́ ni, bóyá ó rò pé ewì náà kò dára tó ohun tó yẹ kí ojú ayé rí. Àmọ́ ó ní àbúrò ọkùnrin kan tó ti há ọ̀pọ̀ nínú ewì náà sórí. Àbúrò yìí jókòó, ó kọ gbogbo èyí tó rántí sílẹ̀. Èyí tó kọ yẹn ló rìn dé ìlú Ṣáínà, tó dé Japáànù, tó sì dé ilé ìwé tí Frau Han ti kọ́ ọ nígbà ọmọdé, kó tó wá dé yàrá kan ní Steilshoop tí mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Berlin. Inú kíṣìnnì Fúnmi ni mo ti ń sọ ìtàn yìí fún un, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ní kí n jókòó, kí n sun ìwọ̀nba ẹkún tí mo rántí. Mo gbé e, ó ń tẹ̀ lé mi. Ẹ mọ̀ pé òun ló jogún ohùn yín, ó sì gbé e sókè bí ẹni tó wà ní ojúde ilé wa. Ògiri ibí fẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ni, ará Jámánì tó ń gbé lókè rẹ̀, ó wọ sálúbàtà inú ilé. Ó rọra bi wá pé ta ló kú. Fúnmi ní kò sẹ́ni tó kú, ó ní ìgbéyàwó lòun fẹ́ ṣe. Bàbá náà wò ó títí. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé tí kò bá wù ú láti fẹ́ ẹ, òfin Jámánì kò fi dandan mú un. Délé wà nínú pálọ̀ tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ lòun náà ti ń fẹ́ béèrè.

A rẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń dùn wá. A ti ní kí bàbá náà wá síbi ìgbéyàwó, kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà jókòó, a ò lè tẹ̀síwájú, nítorí ibi tí mo mọ̀ ti tán. Fúnmi ní kí n gbìyànjú. Mo gbìyànjú, kò wá. Mo pa ojú dé, mò ń rí yín ní ẹnu ọ̀nà ilé, mò ń rí gèlè yín, mò ń rí ọwọ́ yín tó ń ga tó ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ó dùn mí gan-an, Màmá. Àbúrò akéwì yẹn rántí. Èmi ò rántí.

Ẹ ní ohùn yín ti há. A ò bá yín jiyàn. Èyí tó há sí yín lórí là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Fúnmi ní kò sí àna kankan tí yóò gbọ́ ohùn yín, òun nìkan ni yóò gbọ́ ọ, ohùn tirẹ̀ ni yóò sì fi gbé e jáde. Ẹ kàn gba fóònù lọ́wọ́ Bùọ̀dá Gbóyèga, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ. Tí ikọ́ bá dé, ẹ wúkọ́. Tí ó bá já, ẹ mú un níbi tó já sí. A ó tọ́jú ikọ́ náà pẹ̀lú.

Ọlọ́run yóò fún eékún yín lágbára. Ojú yín kò ní rí ibi lórí ọmọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó gbé ọmọ Fúnmi pọ̀n, ọmọ náà yóò sì fi ìwà jọ yín ṣùgbọ́n kò ní lágídí tó yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣakí, kí ẹ sì bá mi béèrè orúkọ wọn. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi yín lọ́rùn sílẹ̀ títí ẹ ó fi gbà. Fúnmi àti Délé dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Frau Han náà kí yín, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun kí yín.

Ibi tí a bá ẹkún náà dé nìyí. Bùọ̀dá mi, ẹ rọra kà á fún wọn, kí ẹ sì dákẹ́ níbi tó bá ti dúró.

Ìyá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn, ọmọ yín ń jáde lọ.
Mo mu omi àmù yín, n kò mọ̀ pé òùngbẹ wà.
Mo sùn lórí ẹní yín, n kò mọ̀ pé ilẹ̀ le.
Mo délé onílé, wọn ò mọ̀ mí rí,
wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní ọmọ ta ni mí.
Mo dìde dúró, mo ní èmi lọmọ

Ibẹ̀ ló ti já mọ́ mi lẹ́nu. Fúnmi ń dúró.

Ọmọ yín,
Ìyábọ̀